Bí mo ṣe rí àpẹẹrẹ fún infographic ibà Lassa, lẹ́yìn tí owó ti lọ

₦12,000 ni mo san fún ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe gíráfíìsì ní Kubwa, l'Abuja níbí, kó bá mi ya infographic kan ṣoṣo, ìyẹn àwòrán tó ń fi nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣàlàyé nǹkan. Ohun tó fún mi ni àwòrán òyìnbó kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù, tó ń wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù. Ibà Lassa ni lẹ́kíṣọ̀ wa ní ká ṣàlàyé o! Eku ló ń gbé e kiri, kì í ṣe yìnyín. Mo gbé e dé kíláàsì, àwọn méjì mìíràn ti ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọ̀ àkọlé nìkan ló yàtọ̀. Lẹ́kíṣọ̀ wa ò tiẹ̀ bínú. Ó kàn dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà pa pọ̀.

Mo padà lọ bá a. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún mi yìí, àwọn ẹlòmíì náà ní i."

"Àbúrò, ibi kan náà ni gbogbo wa ti ń mú u. Ṣé kò dára ni?"

Owó ò padà. Ìdí tí mo fi jókòó ṣe é fúnra mi nìyẹn.

Kíkó ìsọfúnni jọ ò le, n ò ní fi àsìkò yín ṣòfò lórí ẹ̀. NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, tó wà ní Jabi níbí, ń gbé ìròyìn ibà Lassa jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo mú díẹ̀ lọ́dọ̀ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà: nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá kó o, bíi mẹ́jọ ni kò ní í rí àmì kankan, àìsàn ọ̀hún sì lè lúgọ sára fún ọjọ́ 2 sí 21 kó tó yọjú. Ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ni wíwá àpẹẹrẹ tí mo lè wò.

Gbogbo èèyàn ní kí n lọ sí Pinterest, ìkànnì tí wọ́n ti ń kó àwòrán jọ. Mo lọ. Ẹ tẹ àwòrán kan, ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ tán, àwòrán tí ẹ tẹ̀ ti pòórá. Ẹ tún wá a rí, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kẹ́ ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ, gbogbo lẹ́tà á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ ní kẹ́ ẹ tọ̀ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti mú un, ojú ewé yẹn ò sí mọ́, tàbí kó jẹ́ ẹni tó ń ta bàtà ló wà níbẹ̀. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù: bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ èyí tó ní róbótó méje tó yí ara wọn ká, róbótó nìkan ni yóò máa kó wá fún yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Dátà ń lọ, iná ò sí. Ti Canva náà, ìkànnì tí wọ́n fi ń ṣe gíráfíìsì, àwọn tó wù mí ni wọ́n fi adé kékeré sí lára. Adé yẹn, owó ni.

Àwòrán kún fóònù mi bámúbámú, síbẹ̀ bí mo bá ṣí ìwé òfìfo, n ò mọ ibi tí màá ti fa ìlà àkọ́kọ́. Ohun tó há mi gan-an kò sí nínú ìkankan wọn. Ondo, Edo àti Bauchi ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú iye tó wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fa ìlà Ondo bó ṣe yẹ kó gùn tó, á jáde kúrò nínú ìwé. Bí mo bá sún un kúrú, àwọn ìpínlẹ̀ tó ní ẹnì kan tàbí ẹni méjì ò ní hàn sójú mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe máásítà ló ní kí n pa Pinterest tì, kí n lọ wo iṣẹ́ W.E.B. Du Bois. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Atlanta ló fọwọ́ ya àwọn àwòrán nípa ìgbé ayé àwọn èèyàn wọn, tí wọ́n sì pàtẹ wọn ní Paris ní 1900. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n wà lórí ìkànnì Library of Congress, ilé ìkówèésí ńlá Amẹ́ríkà. Ẹ má tẹ TIFF o, á gbé dátà yín mì. JPEG kékeré ti tó.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú Georgia ní 1890. Àwọn tó ń gbé ìlú ńlá jẹ́ 78,139; àwọn ará abúlé jẹ́ 734,952. Ìwé wo ló fẹ́ gba ìlà yẹn? Bàbá kàn ká ìlà pupa náà jọ bí ejò tó sùn, ó parí. Mo pariwo nínú yàrá, ará ilé ní ṣé kò sí o.

Ìrù eku ni mo fi ṣe. Mo ya eku kékeré kan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gígùn ìrù rẹ̀ ni iye àwọn tó kó ibà náà níbẹ̀. Ti Ondo ká yípo-yípo, ti àwọn mìíràn kò ju kùkùté lọ. Ẹ fi okùn wọn ìrù yẹn, ó pé! Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀, kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ ní kíláàsì.

Ó wá ku àwọ̀. Mo dé ọjà Wuse, mo dúró níwájú Mallam kan tó ń ta fìlà. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ aró, òwú funfun àti pupa rúsúrúsú nìkan ni wọ́n fi ṣe ọnà sí i, síbẹ̀ kò síbi tó ṣófo lára rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta péré! Ti ẹ̀gbọ́n Kubwa tó mọ́kànlá. Mo ní kí n ya fọ́tò rẹ̀, Mallam ní "Sai ka saya," àfi kí n rà á. ₦3,500. Fìlà ọ̀hún ò wọ̀ mí lórí.

Tí mo bá tún máa ṣe irú ẹ̀, màá kọ́kọ́ mọ ibi tí nọ́ńbà mi ti há kí n tó wo àwòrán ẹnikẹ́ni. Màá sì máa kọ ibi tí mo ti rí nǹkan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́kíṣọ̀ fi ìka tọ ìrù Ondo títí dé ìparí, ó ní níbo ni mo ti jí eléyìí. Mo wá ti Georgia yẹn títí kó tó jáde lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní máàkì tó dáa, ó wá ní kí n kọ orúkọ Du Bois sísàlẹ̀, kí n lọ tún un tẹ̀. ₦1,500 mìíràn nìyẹn.