Bí ẹ ṣe lè tún máṣíìnì yín tò kó lè rin ọ̀nà jíjìn

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ máa ń gun máṣíìnì, yálà Ìbàdàn lẹ wà o àbí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹni tó ti ní máṣíìnì gidi lọ́wọ́, tó wá fẹ́ tún un tò kó lè máa gbé e rin kìlómítà 400 sí 500 lójúmọ́ láì jẹ́ pé tó bá sọ̀kalẹ̀ ńṣe lá máa di ìbàdí mú. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni "cc mélòó ni?", ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe tóbi tó. Mi ò ní kẹ́ ẹ má bèèrè, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ibi tí ìwúwo máṣíìnì yẹn àti ẹrù ẹ̀ wà ló ṣe pàtàkì jù, lẹ́yìn ìyẹn ni bí ara ẹni tó jókòó sórí ẹ̀ ṣe máa rí tó bá di wákàtí kẹta lójú ọ̀nà.

Ẹ wo Gold Wing tí Honda gbé jáde níbi ìpàtẹ Cologne ní Jámánì lọ́dún 1974, tó bọ́ sọ́jà lọ́dún 1975, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ́ńjìnnì 999cc ni, sìlíńdà mẹ́rin, méjì lápá ọ̀tún méjì lápá òsì, wọ́n sùn gbalaja sílẹ̀ dípò kí wọ́n nàró, omi ló ń tù ú, kò sì ní ṣéènì, ṣáàfù ló ń yí táyà ẹ̀yìn. Ibi tẹ́ ẹ máa rò pé tánkì ni níwájú yẹn, kò sí epo níbẹ̀ rárá, waya àti àwọn nǹkan iná ló wà níbẹ̀, abẹ́ síítì ni tánkì gangan wà. Nítorí kí ni wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn? Kí ìwúwo lè wà nísàlẹ̀ ni o. Wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kí ọ́táńétọ̀ tó ń pèsè iná máa yí lódì sí bí kíráńkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ṣe ń yí, kí máṣíìnì má baà fẹ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n bá fún un níná. Àmọ́ ohun kan wà tí wọn ò fi sí i nígbà yẹn, kò sí nǹkan kan níwájú tó ń gba atẹ́gùn, àwọn tó rà á ní Amẹ́ríkà ló ń lọ ra Windjammer, ike iwájú tí Craig Vetter ń ṣe, tí wọ́n ń dè é mọ́ ọn, ó di 1980 kí Honda fúnra wọn tó fi ike iwájú àti àpótí sí GL1100, Gold Wing tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, tí wọ́n pè ní Interstate. BMW ti rí ìyẹn ṣáájú, torí R100RS tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1976, inú ilé tí iléeṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu mọ́tò láti fi dán an wò ni wọ́n ti ṣe ike iwájú ẹ̀.

Ní ti cc, ẹ jẹ́ ká rántí Kúnlé Adéyanjú tó gun Honda CB500X láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó lọ́dún 2022, ọjọ́ 41 ló fi rìn ín, ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, torí káwọn èèyàn lè dìde sí ọ̀rọ̀ àrùn rọpárọsẹ̀ ló ṣe rìn ín. Ẹ́ńjìnnì 471cc ni o. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní 400 sí 650 nílé, tó sì jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa gùn ún, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi owó yín ṣòfò pé ẹ gbọ́dọ̀ ra 1200, ẹ fi owó yẹn ṣe àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kà yìí.

Ara yín lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ara ti ń kan máṣíìnì, síítì, ibi tẹ́sẹ̀ ń tẹ̀, àti hándù tọ́wọ́ ń dì mú. Ẹ gbé e sórí ìdúró, ẹ wọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ sójú ọ̀nà, jákẹ́ẹ̀tì, bàtà, gbogbo ẹ̀, ẹ jókòó síbi tó rọrùn fún yín, ẹ dijú, ẹ wá na ọwọ́ méjèèjì síwájú bó ṣe wù wọ́n láti nà, kẹ́ ẹ lajú wo ibi tí wọ́n bọ́ sí. Tí hándù bá jìnnà sí ibẹ̀ tàbí tó wà nísàlẹ̀ jù, èjìká àti ọrùn ọwọ́ ló máa jìyà ẹ̀. Wọ́n ń ta irin tí wọ́n fi ń gbé hándù sókè, èyí tó bá fi nǹkan bí mílímítà 20 sí 30 gbé e sókè ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi sí i tán, ẹ yí hándù dé òpin lọ́tùn-ún, ẹ yí i dé òpin lósì, kẹ́ ẹ máa wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì, wáyà tẹ́ ẹ fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná àti rọ́bà bíréèkì, tí ọ̀kan bá ń fà tàn-án, ẹ ò tíì lè jáde o. Ẹ tún rí i pé ìka àti apá wà lórí ìlà kan náà nígbà tẹ́ ẹ bá na ìka lé bíréèkì, ẹ tú bọ́ọ̀tù ẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ yí i wálẹ̀ tàbí sókè, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Síítì lọ́rọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù. Fóòmù tó rọ̀ múlọ́múlọ́ nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó lé e ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn wákàtí kan ó ti tẹ́ pátá, egungun ìdí yín ti ń kan ike abẹ́ ẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń rán síítì mọ́tò, ẹ sọ fún wọn pé fóòmù tó le, tó nípọn lẹ fẹ́, kó fẹ̀ kó sì tẹ́jú lẹ́yìn níbi tí egungun ìdí ń bọ́ sí, kó wá tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú kí ẹsẹ̀ yín lè kanlẹ̀, kó má sì dagẹ̀rẹ̀ síwájú torí ńṣe lẹ máa máa yọ̀ lọ bá tánkì. Ẹ jókòó lórí ẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó fi awọ bò ó, kódà kẹ́ ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ogún ìṣẹ́jú lórí ẹ̀, ara máa sọ ibi tó ń dùn ún.

Epo ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ tánkì ńlá, àmọ́ lítà epo kan wúwo tó kìlò 0.75, tánkì lítà 30 tó kún jẹ́ kìlò 22 ó lé, òkè ló sì wà. Ẹ ṣírò ẹ̀ báyìí: lẹ́yìn wákàtí méjì, ara á fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kó mu omi, kó nara. Tẹ́ ẹ bá ń sáré 90, kìlómítà 180 nìyẹn. Tí máṣíìnì yín bá ń rin kìlómítà 25 lórí lítà kan, tánkì lítà 17 á gbé yín dé 400 ó lé díẹ̀, ẹ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Nàìjíríà tàbí ní Bìrìtìkó, aṣálẹ̀ nìkan lẹ ti nílò jálá sí i, tẹ́ ẹ bá sì gbé jálá, ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, kì í ṣe orí àpótí ẹ̀yìn.

Ẹrù wá kàn, ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìyá tó pọ̀n ọmọ máa ń gbá a mọ́ra gírígírí ni, tí ọjá bá dẹ̀ tí ọmọ fà sẹ́yìn, ìyá ò ní lè rìn dáadáa mọ́. Báyìí náà ni máṣíìnì ṣe rí. Bí ẹrù bá wà lókè, tó sì wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ńṣe ló ń gbé iwájú sókè, hándù á fúyẹ́, tí tírélà bá sì kọjá tàbí atẹ́gùn fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, máṣíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Torí náà, irinṣẹ́, omi, gbogbo ohun tó bá wúwo, ẹ fi sínú àpótí ẹ̀gbẹ́, nísàlẹ̀, kó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì bó bá ṣe lè sún mọ́ ọn tó, kí ìwúwo apá ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Àpótí ẹ̀yìn, aṣọ òjò àti búrẹ́dì ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Ẹ wo inú ìdérí àpótí yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ iye kìlò tó lè gbé sí, kì í sábà pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó irin tó máa gbé àpótí mọ́ ara férémù o, bọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ fi dè é, torí ibi tí wọ́n bá jó yẹn ló máa ń sán lẹ́yìn tó bá ti bọ́ sí kòtò léraléra.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣọ́kù. Èyí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ lẹ téèpù pélébé kan mọ́ ìdí máṣíìnì, ní òkè ibi tí nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn wà gan-an. Ẹ gbé e sórí ìdúró kí táyà ẹ̀yìn má kanlẹ̀, ẹ fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n láti nọ́ọ̀tì yẹn dé ibi tẹ́ ẹ sàmì sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá di gbogbo ẹrù sí i, ẹ gbé e wálẹ̀, ẹ gun un pẹ̀lú aṣọ ọ̀nà, kí ẹnì kan di hándù mú, kí ẹlòmíì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ìyẹn ni iye tó rì. Tí gbogbo ìrìn ṣọ́kù yín bá jẹ́ mílímítà 150, kó rì bíi 45 sí 50, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ nìyẹn. Tó bá rì tó 70, ìdí ti wálẹ̀ jù, iná iwájú á máa tan ojú ọ̀run, hándù á fúyẹ́, ẹ mú sípánà olórí ìwọ̀, ẹ fi yí òrùka tó wà lára sípíríǹgì kó le sí i, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá yí i dé òpin tó ṣì ń rì jù, sípíríǹgì yẹn ò gba ìwúwo yín nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dín ẹrù kù, kò sí ọgbọ́n kẹta.

Atẹ́gùn: láti 80 sí 120 kìlómítà ní wákàtí, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì yín sẹ́yìn ti ju ìlọ́po méjì lọ, ọrùn ló ń gbà á, epo náà ń gbà á. Gíláàsì iwájú ò gbọ́dọ̀ ga kọjá ojú, etí ẹ̀ lókè kó wà nísàlẹ̀ ojú díẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo ọ̀nà láti òkè ẹ̀, torí tí òjò bá rọ̀ lóru, gíláàsì ẹlẹ́rẹ̀ ò ṣeé wò. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ gé ike pẹlẹbẹ kan, ẹ fi téèpù tó lágbára lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó wà níbẹ̀, ẹ rìn díẹ̀ láì sáré jù, ẹ gé e kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ariwo inú àṣíborí á fi lọ sílẹ̀. Tí orí bá ń mì ṣáá, ẹ jẹ́ kí àlàfo díẹ̀ wà nísàlẹ̀ gíláàsì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ wọlé, ó máa ń jẹ́ kí mímì yẹn dín kù. Ẹ má sì dí gbogbo ẹ̀ pa ní ilẹ̀ wa níbí, ooru máa pa yín.

Ṣéènì àti gíà: tí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo jù nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré 100, ẹ fi eyín kan kún sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, ìyẹn irin eléyín tó ń fa ṣéènì, láti 15 sí 16, ẹ́ńjìnnì á fi bíi 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún rọlẹ̀, ara yín náà á rọlẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, ẹ máa yí gíà wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ fi òróró sí ṣéènì ní gbogbo 500 sí 800 kìlómítà, tí òjò bá rọ̀, lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni. Táyà tí kò ní túúbù sàn jù tẹ́ ẹ bá lè rí i, torí ìṣó tó bá gún un, ẹ lè fi púlọ́ọ̀gì dí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láì tú táyà, ti túúbù gba fọ́gánáísà. Kẹ́ ẹ sì fún un ní atẹ́gùn tó yẹ ẹlẹ́rù tí wọ́n kọ sí ara máṣíìnì, láàárọ̀ kí táyà tó gbóná ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.

Iná ò le. Ẹ ka wọ́ọ̀tì gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún un, ẹ pín in sí 12, ẹ máa mọ iye ámpù. Iná kékeré méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 jẹ́ 40, ìyẹn ámpù 3 ó lé, fíúsì 5 ló yẹ ẹ́. Ẹ sọ fún rewáyà pé láti bátìrì ni kó ti mú iná wá, kó fi fíúsì sún mọ́ bátìrì, kó fi rílè, súìṣì kékeré tí iná ń tan, sí i, kó má já waya iná iwájú gé kó so ó mọ́ ọn.

Ìdánwò wá kù. Ẹ má dúró dìgbà tí ìrìn-àjò bá ku ọ̀la, ó kéré tán ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀. Ẹ di gbogbo ẹrù bẹ́ ẹ ṣe máa dì í gan-an, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí gbogbo bọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dè, hándù, férémù àpótí, gíláàsì, kó gba orí bọ́ọ̀tù kọjá sára irin. Ẹ rin bíi kìlómítà 200, ní ọ̀nà tó dáa àti èyí tí kò dáa, ẹ sáré 60, kẹ́ ẹ tó sáré 80, kẹ́ ẹ tó sáré 100. Tí máṣíìnì bá ń jó, ẹ má fọwọ́ le, ẹ má sì tẹ bíréèkì lójijì, ẹ rọra dá iná padà kó fúnra ẹ̀ dákẹ́, kẹ́ ẹ wá dúró, ẹ gbé ẹrù síwájú, kẹ́ ẹ tún wo atẹ́gùn táyà. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún rìn, torí tẹ́ ẹ bá yí mẹ́ta pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ìlà funfun yẹn, èyí tó bá ti yẹ̀ kúrò lójú kan, ẹ tú bọ́ọ̀tù ẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù bọ́ọ̀tù sí i, ẹ tún un dè, ẹ tún fa ìlà tuntun.