Bí mo ṣe tún kẹ̀kẹ́ eré ìdárayá mi ṣe lẹ́yìn tí eruku ọyẹ́ dí fáànù ẹ̀

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ ohun tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ yìí, eruku lásán sì ni. Mo ń kọ ọ́ torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ní irú ẹ̀ nílé, ẹni tó bá ní in tó sì ń rò pé ó ti bàjẹ́, kó kọ́kọ́ ka èyí kó tó pe ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń gùn jáde o, èyí tó dúró sójú kan nínú ilé ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester ló bá mi fi í sínú kọ̀ǹténà nígbà tí dókítà ní kí n jáwọ́ nínú eré tí mò ń sá lórí títì láràárọ̀ torí orúnkún mi. Concept2 BikeErg lorúkọ ẹ̀, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtukọ̀ tó wà nínú àwọn gym ni wọ́n ṣe é. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé kò ní kinní kan í ṣe pẹ̀lú NEPA. Bátìrì ńlá méjì, irú èyí tá a máa ń kì sínú tọ́ọ̀ṣì láyé ọjọ́sí, ló wà lẹ́yìn síkírínì ẹ̀, wíìlì tó ń yí nínú ẹ̀ náà sì máa ń fún síkírínì yẹn níná nígbà téèyàn bá ń wà á. Ní Ìbàdàn níbí, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wíìlì kan wà níwájú ẹ̀ tó ní bíléèdì bíi ti fáànù, tẹ́ ẹ bá ti ń tẹ pẹ́dàlì, bẹ́líìtì á máa fa wíìlì yẹn, á máa gbá afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gbá yẹn náà ló ń jẹ́ kí pẹ́dàlì wúwo lẹ́sẹ̀ yín. Kò sí bíréèkì níbẹ̀, kò sí mágnẹ́ẹ̀tì tó ń di wíìlì mú. Èyí tí mo máa ń gùn ní gym tẹ́lẹ̀, awọ kan ló máa ń fún wíìlì mọ́ra, téèyàn bá yí nọ́ọ̀bù awọ á túbọ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ni awọ yẹn máa ń jẹ títí tí wọ́n á fi pààrọ̀ ẹ̀. Ti afẹ́fẹ́ kò ní nǹkan tó ń jẹ báyẹn. Lífà kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, wọ́n kọ 1 dé 10 sí i lára, òun ló ń ṣí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tàbí kó pa á dé.

Lórí 5 ni mo máa ń fi lífà sí látìgbà tí kẹ̀kẹ́ ti dé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo máa ń gbìyànjú kí wáàtì mi, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí mò ń lò, wà ní bíi 110, ẹsẹ̀ mi á sì máa yí tó ìgbà 75 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ló bá orúnkún mi lára mu, mo ti gbìyànjú ẹ̀ títí kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di December, ọyẹ́ dé, ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń rí, eruku tó ń bọ̀ láti ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà yẹn, tẹ́ ẹ bá nu tábìlì láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán ẹ lè fìka kọ orúkọ yín sí i. Títì iwájú ilé wa náà kò lọ́dà, ojú fèrèsé sì ni mo gbé kẹ̀kẹ́ sí kí n lè máa rí ìta. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé kí n tó rí 110 yẹn, mo ní láti sáré ẹsẹ̀ dé 80, ó tún di 83. Mo gbé lífà sí 7. Ó dáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo gbé e sí 8. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ó ti mọ́ yín lára ni, ẹsẹ̀ yín ti lágbára sí i." Inú mi dùn sí i, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ìparí February lífà ti wà lórí 10, kò síbi tó tún lè lọ mọ́, pẹ́dàlì sì ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tó wà lórí 5 gẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ló lágbára sí i ni, ṣebí wáàtì ló yẹ kó gòkè? Wáàtì kò gòkè. 110 náà ni.

Ìgbà yẹn ni mo wá wo nǹkan tó ti wà lórí síkírínì látọjọ́ yìí tí mi ò tẹ̀ rí. Lórí mẹ́nù, ẹ tẹ More Options, ẹ tẹ Display Drag Factor, kẹ́ ẹ máa wa kẹ̀kẹ́ lọ díẹ̀ títí nọ́ńbà kan á fi jáde. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń di wíìlì mú tó ní tòótọ́. Bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé tẹ́sẹ̀ yín ò bá ti wíìlì, wíìlì á máa rọlẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ̀rọ á wá wo bó ṣe yára rọlẹ̀ tó. Tó bá yára rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Tó bá ń yí lọ ràì tí kò fẹ́ dúró, afẹ́fẹ́ kò tó nìyẹn. Nọ́ńbà yìí náà ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò wáàtì, ìdí ẹ̀ rèé tí wáàtì mi kò fi purọ́ fún mi látọjọ́ yìí, lífà nìkan ni mo gbọ́kàn lé jù.

Mo mú bébà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lífà lórí 5, 88. Lífà lórí 10, 124. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp torí òun náà ní irú ẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tiyín." Tiwọn lórí 5 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tèmi lórí 10. Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé kinní kan ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ mi.

Mo fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà níyànà wa kí wọ́n fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Àbúrò kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ló dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, omi máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yẹn, ó sì lágbára jù, á kàn ti eruku wọnú bearing, irin tó ń jẹ́ kí wíìlì yí dáadáa, ni. Ẹ wá mú blower mi, ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń fẹ́ eruku." Ọlọ́run á bù kún un, torí ọ̀rọ̀ yẹn gbà mí lọ́wọ́ àdánù.

Blower yẹn náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lífà yé mi. Mo ń dán an wò, mo ṣèèṣì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ sí, ohùn ẹ̀ bá lọ sókè wíìì, bíi pé iṣẹ́ tó ń ṣe ti fúyẹ́. Ó ti fúyẹ́ lóòótọ́ náà, torí kò rí afẹ́fẹ́ gbá mọ́, ó kàn ń yí lásán ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé téèyàn bá dí ihò afẹ́fẹ́, kẹ̀kẹ́ á le sí i. Rárá o, òdìkejì ẹ̀ ni. Ihò tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ló ń jẹ́ kó le, torí afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń wọlé tí bíléèdì máa gbá. Eruku dí ihò, bíléèdì ò rí iṣẹ́ ṣe, ẹsẹ̀ mi wá fúyẹ́.

Ó di Saturday, mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ lé e, mo fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan síkírù kankan. Ẹ má fo èyí o. Síkírù tí mo bá tú, mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, mo sì kọ ibi tó ti jáde sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí wọn kì í gùn bákan náà, èyí tó gùn téèyàn bá fi í síbi èyí tó kúrú, ó lè fọ́ ike. Nígbà tí mo ṣí ike tó bo fáànù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá nǹkan tó wà níbẹ̀ mọ̀. Àwọ̀n irin tó ní ihò wẹ́wẹ́ tó yí fáànù ká ti di ògiri. Eruku pupa, irun, òwú aṣọ, gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ bíi fóòmù, bí mo ṣe fà á ló ń ká bọ̀ lódindi bí ẹni ká ẹní. Ihò tó ṣí sílẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta.

Bùrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun tí kò tíì kan ọ̀dà ni mo fi gbá èyí tó rọ̀, bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi yọ èyí tó wà láàárín bíléèdì, mo wá fi blower lé ìyókù jáde. Ọ̀nà ìta ni kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ sí o, látinú bọ̀ síta, ẹ má kọjú ẹ̀ sáàárín wíìlì níbi tí bearing wà. Ẹ fi ọwọ́ kan di wíìlì mú kó má baà máa yí nígbà tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, aṣọ tí wọ́n fi omi pa lára díẹ̀ ti tó fún ike ìta. Ẹ má kan epo mọ́ bẹ́líìtì, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé tí nǹkan bá ń dún a máa ń sáré lọ mú epo, bẹ́líìtì tó bá ti lépo á máa yọ̀ ni. Ẹ sì wé imú yín. Èmi kò wé e níbẹ̀rẹ̀, ikọ́ tí mo wú lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò kéré.

Gbogbo ẹ̀ gbà mí ní wákàtí kan àtààbọ̀. Mo dì í padà, mo gun un, mo tẹ Display Drag Factor. Lífà lórí 5, 121. Lórí 10, 203! Mo pariwo débi pé ọmọ mi obìnrin sáré wá láti yàrá, ó rò pé mo ṣubú ni.

Àṣìṣe tí mo wá ṣe rèé. Inú dídùn kò jẹ́ kí n rántí dá lífà padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ lórí 10 bó ṣe ti mọ́ mi lára láti February, mo ń wá 110 mi. Mo rí i o, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò yí ju 63 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà téèyàn ń gun òkè Mọ́kọ́lá pẹ̀lú ẹrù lórí. Wáàtì kan náà ni, àmọ́ tí ẹsẹ̀ ò bá yára, agbára inú ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa pọ̀, orúnkún ló sì máa gbà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni orúnkún òsì mi fi wú. Nítorí náà, ẹni tó bá fọ fáànù ẹ̀ tán, kó dá lífà padà sí 3 tàbí 4 kó tó jókòó, kó wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa afẹ́fẹ́. Ìyára ló ni í ju lífà lọ. Tẹ́ ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá péré kún ìyára ẹsẹ̀ yín, agbára tẹ́ ẹ máa lò á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá sọ ìyára yín di méjì, ìlọ́po mẹ́jọ lagbára yẹn máa jẹ́. Ìdí nìyẹn tí lífà orí 5 fi tó fún èmi, tó sì tún tó fún àbúrò mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù, òun kàn ń yára jù mí lọ ni. Kò sídìí láti gbé e sí 10 kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ọkùnrin ni wá.

Ní báyìí, bébà kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń wo nọ́ńbà yẹn tí mo sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, àárọ̀ ni mo máa ń wò ó nígbà gbogbo, torí tí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ máa ń fúyẹ́ díẹ̀, 121 àárọ̀ lè di 116 lọ́sàn-án láìsí eruku kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jẹ́ pé ẹni tó bá wà ní Jos, tó ga tó bíi mítà 1,200 sí òkun, tó fi lífà sí 5, nọ́ńbà tiẹ̀ á kéré sí tèmi, torí afẹ́fẹ́ òkè kò ki tó tìsàlẹ̀, kó má rò pé ẹ̀rọ òun bàjẹ́, kó kàn gbé lífà sókè díẹ̀. Tí nọ́ńbà tèmi bá ti lọ sísàlẹ̀ 110 láàárọ̀, mo mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti mú bùrọ́ọ̀ṣì. Mo gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú fèrèsé, mo sì ń fi aṣọ bò ó lálẹ́. Nọ́ńbà tí mo kọ láàárọ̀ òní ni 119.