Bí ẹ ṣe máa jẹ àjẹgbádùn ní ilé oúnjẹ tí èrò ń wọ́ tìrítìrí lọ

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilé oúnjẹ kan ní ẹ̀ka ní Kútọnu, ó ní méjì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó tún ṣí òmíràn sétí títì ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ bi ènìyàn mẹ́ta tó ti jẹun níbẹ̀, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ máa gbọ́. Ọ̀kan á ní ọbẹ̀ wọn kò lẹ́gbẹ́. Èkejì á ní òun jókòó títí ebi fi kú mọ́ òun nínú. Ẹ̀kẹta á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ìkòkò àkọ́kọ́ àti ìkòkò ìkẹyìn kì í dọ́gba, ẹ̀ka kan kò sì jọ èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sára ògiri. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun dé, tó sì mọ ohun tó yẹ kí òun sọ kí ìgbakọ tó wọ ìkòkò, ló ń jẹ àjẹgbádùn níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín fún yín tàbí tó bú u, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: ẹ̀ka wo, aago mélòó, kí lo jẹ?

Ohun tí ẹ ó mú dání

Owó wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá na 10 000 fàráǹkì sí agbowó ní aago kan ọ̀sán máa dúró pẹ́ kó tó rí ìyókù owó rẹ̀ gbà. Ẹ ti ṣẹ́ ẹ nílé epo kí ẹ tó débẹ̀: 1 000 mélòó kan, 500, àti owó onírin ti 100 àti 50.

Ẹ mú abọ́ onídèérí náà dání. Láti ìparí ọdún 2017 ni òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ sì ń gba owó lórí páálí tí wọ́n ń di oúnjẹ sí. Abọ́ irin ló dára jù. Bí ẹ kò bá ní in, ike bọ́tà tí ẹ ti jẹ tán lè gba àkàsà (ẹ̀kọ) tàbí dòdò tó ti tutù, ṣùgbọ́n ẹ má da ọbẹ̀ gbígbóná sínú rẹ̀, ó máa rọ̀, òórùn ike á sì wọ inú oúnjẹ.

Wákàtí tó dára

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ sí aago méjìlá. Bí ẹ bá yá jù, ẹran kò tíì rọ̀, wọ́n á sì fún yín bẹ́ẹ̀. Láti aago méjìlá ààbọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní Àjàṣẹ́, pàápàá lágbègbè Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó. Ọjọ́ Jímọ̀ tún yàtọ̀: bí wọ́n bá ti kírun tán, ẹ kò ní rí àga. Ní ẹ̀ka Ṣábẹ̀ẹ́, tó wà létí títì tó lọ sí Pàràkú, bọ́ọ̀sì ni kí ẹ máa wò. Bí bọ́ọ̀sì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ẹ ní sùúrù kí àwọn èrò rẹ̀ jẹun tán. Lẹ́yìn aago méjì, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló kù. Ohun tí wọ́n ń dín lójú yín nìkan ni kí ẹ rà nígbà yẹn.

Níwájú ìkòkò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà, ibẹ̀ náà sì ni ìjà tí ẹ máa ń gbọ́ nídìí agbowó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà ní Wàndó, owó la fi ń wọn oúnjẹ. Ẹ ó ní, “Ẹ bu ìrẹsì 300, ẹ bu ẹ̀wà 100 lé e,” ó parí. Ilé oúnjẹ ńlá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abọ́ ni wọ́n fi ń wọn tiwọn: abọ́ kan, iye kan. Iye tó wà lára ògiri sì lè jẹ́ ti ìrẹsì àti ọbẹ̀ nìkan. Ẹran dá dúró, ẹja dá dúró, ẹyin dá dúró, wàgásì (wàrà) dá dúró. Ẹni tó bá gbé àṣà ẹ̀bá ọ̀nà wọ ibẹ̀, tó kàn ń nawọ́ sí èyí tó wù ú, òun náà ló máa pariwo lẹ́yìn oúnjẹ pé wọ́n ja òun lólè. Ègé mẹ́ta tó nawọ́ sí ni wọ́n ṣírò fún un.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nìyí, ẹ má sì da ètò rẹ̀ rú. Ẹ kọ́kọ́ kí ẹni tó ń bu oúnjẹ: “Tàǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o.” Bó bá jẹ́ ọmọdébìnrin, “Àbúrò mi, o kú iṣẹ́.” Ẹni tó ti ń bu oúnjẹ láti òwúrọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kí, kì í wá ègé tó dára fún ẹni tó kàn ń pàṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, àmíwò (ọkà àgbàdo tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ tòmátì rò) ni o, àkàsà ni o, ìrẹsì ni o, kí ẹ sì sọ iye abọ́ tàbí iye ẹyọ. Ẹ wá fi ìka tọ́ka sí ègé ẹran tí ẹ fẹ́ gan-an, ẹ má kàn ní “ẹran” lásán: “Èyí tó wà lápá òsì yẹn, èló ni?” Ẹ gbọ́ iye rẹ̀ kí ẹ tó tọ́ka sí òmíràn. Ọbẹ̀ ló kẹ́yìn. Kí ìgbakọ tó dìde, ẹ béèrè pé, “Gbogbo rẹ̀ jẹ́ èló?”

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín nítorí àwọn tó tò sẹ́yìn. Bí ọbẹ̀ bá ti kan ìrẹsì, wọn kò lè dá a padà sínú ìkòkò mọ́, ẹnu yín náà kò sì gbà á mọ́ láti sọ pé ẹ kò fẹ́. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi béèrè kò tó ìdajì wákàtí tí àwọn ẹlòmíràn fi ń jiyàn. Ẹ ṣọ́ra fún “ẹ fi díẹ̀ sí i” pẹ̀lú. Lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀nì ni. Nínú ilé oúnjẹ ńlá, ọbẹ̀ tí wọ́n bá bu kún un lè ní iye tirẹ̀.

Ohun kejì tí ẹ ó wò níwájú ìkòkò ni ooru. Èéfín nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ìdérí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí máa ń mú èéfín jáde lára oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìkòkò: ṣé iná wà níbẹ̀, àbí omi gbígbóná ló wà lábẹ́ àwo? Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ tí a ti sè tí a fẹ́ bù jẹ gbóná ju 60 °C lọ, kí ó má sì jókòó láìsí iná ju wákàtí méjì lọ. Ìrẹsì ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀ tí omi híhó kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá tutù díẹ̀díẹ̀ nínú agbada ńlá, kòkòrò náà á jí, á sì tu oró sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé e kaná, oró náà kò ní lọ. Èébì tó ń dé ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ lè wá láti ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹran ni àwọn ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Ìrẹsì tó ti di ìṣù, tí etí rẹ̀ ti gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ gba àkàsà.

Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, iyán ni ọ̀pọ̀ ń wá lọ. Ẹ tẹ́tí kí ẹ tó jókòó: bí ẹ kò bá gbọ́ ìró odó, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n gún un. Iyán tó ti pẹ́ nínú kúlà máa ń làágùn lára, inú rẹ̀ á sì dì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ láti orí ohun tí wọ́n fi wé e. Bí kò bá padà sókè, ti àárọ̀ ni.

Ẹ tún mọ̀ pé lọ́pọ̀ ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀ka, ojú kan ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀, ọkọ̀ ló ń kó o káàkiri. Ohun tí wọ́n ń dín àti ohun tí wọ́n ń yan ni wọ́n ń ṣe ní ẹ̀ka fúnra rẹ̀. Ọbẹ̀ tó bá rìnrìn àjò ti gbóná, ó ti tutù, ó tún ti gbóná: ẹ̀fọ́ gbọ̀mà á dúdú, ẹja á fọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà, ní ibi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀, ẹ jẹ ọbẹ̀. Ní ẹ̀ka tó jìnnà, ẹ mú ẹja tàbí adìyẹ díndín, pẹ̀lú tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n gé ní tútù.

Bí oúnjẹ bá ní àbùkù

Òkèlè kejì ni ààlà. Ẹni tó jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó sọ pé ó kan, kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fi abọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ pe ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀ka. Ẹ má gbé ìbínú lé ọmọ tó gbé abọ́ wá lórí; kò ní àṣẹ láti pààrọ̀ ohunkóhun, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n yọ owó abọ́ náà lára owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́: “Ẹja yìí ti kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní adìyẹ tí iye rẹ̀ dọ́gba.” “Oúnjẹ yín kò dára” kò ṣeé dáhùn.

Owó sísan

Ẹ béèrè bóyá iye tó wà lára ògiri ti kó TVA, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ohun tí a rà, mọ́ra. Ìdá 18 nínú 100 ni TVA ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà 5 000 lè di 5 900 bí wọn kò bá tíì kó o mọ́ ọn. Ẹ gba ìwé owó tó ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà, èyí tí wọ́n ń pè ní facture normalisée. Òun ni ẹ̀rí yín bí ẹ bá fẹ́ padà wá ṣàròyé lọ́jọ́ kejì.

Bó bá jẹ́ MoMo, owó orí fóònù, ni ẹ fẹ́ fi san án, ẹ ka orúkọ àti iye tó jáde kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dá dúró, ẹ má tún un san. Ẹ wo iye tó kù nínú àpò yín ná.

Fún ẹgbẹ́ tó bá lé ní mẹ́rin, ẹnì kan ni kó gba owó lọ́wọ́ gbogbo yín kí ẹ tó jókòó, kí òun nìkan sì bá agbowó sọ̀rọ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù

Ẹ bu ìdá tí ẹ kò fẹ́ jẹ sínú abọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan abọ́ ilé oúnjẹ, nítorí oúnjẹ tí ọwọ́ ti wọ̀ máa ń tètè kan. Sàláàdì àti ohunkóhun tó bá ní máyónésì, ẹ má gbé e. Ìrẹsì àti ẹran, ẹ jẹ wọ́n láàárín wákàtí méjì. Ẹni tó ń ti Kétu bọ̀ wá sí Àjàṣẹ́, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró kó èrò ní Pọbẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́, àkàsà tó wà nínú ewé àti ẹja díndín tó gbẹ ni kó gbé, kó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.