Ẹ Jẹ́ Kó Parí: Ìtọ́sọ́nà fún Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àgbẹ̀

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan pàdánù gbogbo àkọsílẹ̀ ajílẹ̀ àti owó àyálò sọ́wọ́ kòkòrò kọ̀ǹpútà. Ìdí rèé tí wọ́n fi ní ká kọ ìwé yìí. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, akọ̀wé yín mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe tí à ń bá níbi gbogbo ni pé àtúnṣe (update) ti wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó parí.

Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ lò. Windows 11 ti gbé winget, irinṣẹ́ tó ń tún áàpù ṣe, dání wá. Ẹ wá Terminal, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, nínú Search, ẹ ṣí i, ẹ kọ winget upgrade. Yóò to àwọn áàpù tó mọ̀ tó ti gbó lẹ́sẹẹsẹ. Bó bá béèrè bóyá ẹ gbà, ẹ tẹ Y. Kí ẹ wá kọ winget upgrade --all. Ẹ yéé wá áàpù lọ́kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ayédèrú ti ń wọlé. Ti Windows fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀, nínú Settings, Windows Update.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ju 1 lọ, ẹ tan Delivery Optimization, kí ẹ yan ti local network, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì yín. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí àtúnṣe gbà á máa bù fún àwọn yòókù, dátà yín ò sì ní tètè tán.

Ó wá ku bọ́tìnì Update and restart. Ẹ tẹ̀ ẹ́! Shut down lásán kò tó. Mo dé ọ́fíìsì kan, àmì kékeré aláwọ̀ ọsàn, tó ń sọ pé àtúnṣe ń dúró, ti wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà wọn fún ọ̀sẹ̀ 6. Akọ̀wé ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń dúró kí iṣẹ́ rọlẹ̀ ni." Iṣẹ́ wo ló máa rọlẹ̀ nígbà ìkórè? Ní March 14, 2017, Microsoft, tó ni Windows, ti gbé àtúnṣe tó dí ihò tí kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry gbà wọlé jáde. May 12 ni WannaCry dé. Ọjọ́ 59 gbáko! Síbẹ̀ ó ba àwọn ilé ìwòsàn jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọn ò tíì tún ṣe.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ́, aago 3 ọ̀sán, ni kí ẹ máa ṣe àtúnṣe. Kí bátìrì má dín ní 50%, kí epo jẹnẹrétọ̀ tó wákàtí 2. Bí àtúnṣe bá ṣì wà ní 30%, ẹ má fa wáyà yọ, bó ti wù kí ilé máa pè yín tó. Kí akọ̀wé kọ́kọ́ da ìwé owó kọ sórí fláàṣì, kó yọ ọ́, kó fún akápò. Tó bá parí, kó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí alága fọwọ́ sí i.