Bí a ṣe ń tọ́jú abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́

Ọkọ̀ tí mo fi ń lọ, tí mo fi ń bọ̀ láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, ìgbà òjò méjì péré ló lò lẹ́yìn tí oníṣẹ́ kan kun ọ̀dà dúdú sábẹ́ rẹ̀. Ó ń dán gbinrin! Lọ́jọ́ tí mo gbé kápẹ́ẹ̀tì iwájú sókè nítorí òórùn omi, mo fi sukurudiráfà tẹ irin ibẹ̀ wò. Ńṣe ló wọlé tààrà, tí ìpẹtà ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi gààrí. Orí ìpẹtà ni bàbá náà kun ọ̀dà lé, ó sì sé omi mọ́ inú rẹ̀.

Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ Tòkunbọ̀ láti Kánádà lẹ rà, ẹ má fi falẹ̀: wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn sì ti lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ kọ́kọ́ fọ abẹ́ rẹ̀ tọṣẹtọṣẹ. Ẹrẹ̀ pupa ọ̀dọ̀ wa níbí máa ń dì sí kọ̀rọ̀ ibi tí táyà ń yí sí, á sì máa rin fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì.

Orí ilẹ̀ títẹ́jú tó le ni kẹ́ ẹ ti gbé e. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà tó kù nílẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé ọkọ̀ lé jáàkì sítáǹdì, ìyẹn ẹsẹ̀ irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e sókè. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan o. Búlọ́ọ̀kù náà kò ṣeé gbára lé, ó lè fọ́ lójijì.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ẹ wọ awò àti ìbomú, kẹ́ ẹ máa fi ìdí sukurudiráfà kan irin náà díẹ̀díẹ̀. Irin tó le a máa dún ketekete. Èyí tó ti jẹrà, ohùn rẹ̀ á kú. Ibi tí ọ̀dà ti wú bí awọ tí iná rà, abẹ́ ibẹ̀ ni ìpẹtà wà. Ẹ fi brọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin á fi funfun, kẹ́ ẹ wá fi sáńpépà nọ́ńbà 80 tẹ̀ lé e. Ó lè gbà yín lódindi ọjọ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú.

Bí ihò bá yọ, wẹ́dà ló máa lẹ irin tuntun mọ́ ọn. Ẹ tú bátìrì kó tó tanná, kẹ́ ẹ sì rí i pé táǹkì epo kò sí nítòsí. Ẹni tó bá fi body filler, ìyẹn àtè tí wọ́n fi ń rẹ́ ara ọkọ̀, dí i, ẹ̀tàn ló ń ṣe.

Ẹ fi tínà nù ún, kẹ́ ẹ kun red oxide, ìyẹn ọ̀dà pupa tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sára irin, kó tó di alẹ́, torí irin tó wà níhòòhò lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi ọ̀rá àti téèpù bo bíréèkì, sàlẹ́ńsà àti gbogbo rọ́bà. Lẹ́yìn náà, ẹ kun ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ ní ìpele méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí tàkọ́kọ́ gbẹ kí tèkejì tó gorí rẹ̀. Ẹ má dí àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì tí wọ́n ti lò pa á. Ó máa ń ba rọ́bà jẹ́, bó bá sì kán sí bíréèkì, ẹ mọ èyí tó kù.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kẹ́ ẹ fọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀ wò.