Ìràwọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ́ ba ọjà mi jẹ́

Torí 4,000 náírà, màdáámù kan l'Ékòó fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́. Inú ṣì ń bí mi.

Ìkòkò amọ̀ Ìsàn-Èkìtì ni mo ń tà ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, Adó ni mo ti ń fi ránṣẹ́. Ká ya fọ́tò, ká gbé e sórí, kí wọ́n máa fowó lé e, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ṣe. Màdáámù yìí ló fowó borí, mo wé e dáadáa, mo gbé e fún dírẹ́bà ní gáréèjì, ó sì dé láì fọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù! Ó ní kò dán tó ti inú fọ́tò, kí n dá 4,000 padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ kan, máàkì tó burú jù, lòun máa fún mi. Mi ò dá kọ́bọ̀ padà. Ó sì fún mi lóòótọ́. Èèyàn 19 ló ti yìn mí kó tó dé o, máàkì mi tó jẹ́ 100 nínú 100 bá di 95.

Mo ní kí n fún òun náà ní ìràwọ̀ kan, sáìtì ò gbà. Ọlọ́jà ò lè fún oníbàárà ní máàkì burúkú. eBay, sáìtì gbàǹjo ńlá ti Amẹ́ríkà, náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2008, torí àwọn ọlọ́jà ń fi gbẹ̀san, ẹ̀rù wá ń ba oníbàárà láti sọ òótọ́. Ó mọ́gbọ́n wá, àmọ́ ta ló máa gba tiwa rò?

Mo bá fẹjọ́ sun àwọn tó ni sáìtì, mo fi àwòrán WhatsApp níbi tó ti halẹ̀ mọ́ mi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kí n ṣe sùúrù. Mo tún kọ, èsì kan náà, kọ́mà ò yàtọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí ẹnì kan tó jọ èèyàn tó sọ pé àwọn ò ka WhatsApp sí, ohun tá a bá sọ nínú sáìtì nìkan làwọn ń wò. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ṣé ẹnu ń dùn wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni?

Ibẹ̀ lọgbọ́n ti sọ sí mi. Mo lọ bá a nínú sáìtì: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ dákun, èló lẹ ní kí n dá padà kẹ́ ẹ tó yọ ìràwọ̀ yẹn?" Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún: "4k, màá yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀." Háà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ìràwọ̀ ti wábi gbà.

Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní fún un ní nọ́ńbà mi rárá. Mo sì ti ń ya ìdí ìkòkò báyìí, níbi tí ipa ìka ìyá tó mọ ọ́n ti hàn ketekete lára amọ̀, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé òun rò pé ẹ̀rọ ló ṣe é.

Màdáámù tún fowó lé ìkòkò mi míì lánàá. Mo ti bulọ́ọ̀kù ẹ̀.