Bí a ṣe ń yẹ ìbọn Winchester fífín wò kí owó tó jáde

Láàárín àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà, owó gọbọi ni wọ́n ń san lórí Winchester 1866 onídẹ, tí wọ́n ń pè ní Yellow Boy, àti arọ́pò rẹ̀ ti 1873, bí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ fín in. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń mú ìbọn tó jáde lásán, tí wọ́n á fín òdòdó àti ẹranko sí i lára lónìí, tí wọ́n á sì pè é ní ti àtijọ́. Ẹ gbọ́ ìtàn ẹni tó ń tà á, ṣùgbọ́n irin ni kí ẹ gbà gbọ́.

Kí ẹ tó yẹ ohunkóhun wò, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ kọjú ẹnu ìbọn síbi tí kò sí ènìyàn, ẹ má fi ìka kan ibi tí a ń fà kó tó dún. Ẹ ti lẹ́fà, ìyẹn irin ìdìmú abẹ́ rẹ̀, síwájú, kí ẹ fà á padà, títí ohunkóhun kò fi ní jáde mọ́. Ẹ wo inú ihò ọta àti túùbù tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ lára irin ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ibi tí a ń fà. Lára àwọn 1866 ìbẹ̀rẹ̀, igi ìdí ìbọn ló bò ó. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà wà ní mùsíọ́mù ìbọn Buffalo Bill Center of the West, ní Cody, Wyoming. Wọ́n lè kọ lẹ́tà tó sọ bí ìbọn ṣe jáde nílé iṣẹ́ nípa ọ̀pọ̀lọpọ̀ 1873, àti 1866 tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tó nǹkan bí 125,000 sókè. Bí lẹ́tà kò bá dárúkọ fífín, ó ṣì lè jẹ́ iṣẹ́ ayé ìgbà náà, torí L. D. Nimschke ní New York fín ìbọn púpọ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ti 1866 tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí 125,000, irin nìkan ló lè jẹ́rìí.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, kí ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Etí ìlà tó ti pẹ́ máa ń yọ̀ bíi ti igbá fífín tí ọwọ́ ti ń kàn lójoojúmọ́, pàápàá níbi tí ọwọ́ ti ń di férémù, ìyẹn ara ìbọn tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání, mú. Bí ibẹ̀ bá ti jẹ tán, tí ìlà rẹ̀ sì mú lára àtàǹpàkò, ẹ fura. Ẹ wá ibi tí ìlà àti ojú ọgbẹ́ irin ti pàdé: ọgbẹ́ ló yẹ kó gé ìlà. Bí ìlà bá gba inú ọgbẹ́ tàbí inú ihò ìpẹtà kọjá láìyẹsẹ̀, ọgbẹ́ ló ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìlà pẹ̀lú. Wọ́n máa ń fín kí wọ́n tó fi níkẹ́lì bò ó tàbí kí wọ́n tó kun irin ní àwọ̀ aró, nítorí náà ó yẹ kí àwọ̀ náà wà nínú ìlà. Irin funfun ní ìsàlẹ̀ ìlà, tí gbogbo àyíká sì ti di àwọ̀ ilẹ̀, iṣẹ́ tuntun ni.

Ìdérí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì férémù tún ṣe pàtàkì: ó yẹ kí ọnà ré kọjá lórí oríkèé rẹ̀ láìyà. Bí etí ìdérí bá ti rọ́, tí ihò súkúrù sì jìn bí àwo, ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ dán an, bóyá láti gba ọnà tuntun.

Orúkọ J. Ulrich tàbí C. F. Ulrich, àwọn tó ń fín ìbọn fún Winchester, lára férémù kò tó ẹ̀rí. Orúkọ rọrùn ju ọnà lọ láti fín. Ẹ fi ọwọ́ ìlà orúkọ wé ti ọnà tó yí i ká.

Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ má dán idẹ náà. Ìdọ̀tí dúdú inú ìlà àti àwọ̀ tí ọjọ́ ti mú wá wà lára ohun tí ẹ san owó fún. Àwọn oògùn ìdánrin ń jẹ etí ìlà. Aṣọ òwú gbígbẹ àti ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ fún irin ti tó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e, torí òógùn ọwọ́ ń fa ìpẹtà, àwòrán ìka á sì wà níbẹ̀.